Bí Áàpù Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lórí Fóònù, Ẹ Má Tètè Pa Ìwé Ẹgbẹ́ Rẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ará ilé ni à ń fi í kí. Lónìí, àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù, orúkọ àwọn tó yáwó, àwòrán rìsíìtì kòkó tí a tà, ìwọ̀n oko àti ìwé ìpàdé ló wà nínú fóònù akọ̀wé tàbí ti akápò. Nígbà tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú àpótí, iná, ikán àti omi òjò ni à ń bẹ̀rù. Nísinsìnyí, ìka ọwọ́ kan ṣoṣo tó tẹ ibi tí kò yẹ lè pa àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta rẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ìkánjú ló sábà máa ń fa èyí. Áàpù kan kò ṣí, tàbí ó ní òun kò rí àwòrán. Ẹni tó ni fóònù á sáré pe ọmọ tó wà nítòsí. Ọmọ náà á ní, "Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò, kí n tún un gbé wọlé." Ó yọ ọ́, ó tún un gbé wọlé, áàpù sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣófo, kò sí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ pàdé, ẹni tó jẹ gbèsè ní òun ti san án, kò sì sí ìwé tí a lè fi já a nírọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí a fẹ̀sọ̀ mú ọ̀rọ̀ fóònù yìí.

ÀKÁ, KỌ́KỌ́RỌ́ ÀTI ÌYỌ̀ǸDA

Áàpù ni orúkọ tí à ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà lójú fóònù: ti báńkì, ti WhatsApp, ti ìwọ̀n oko, ti ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí áàpù fi daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi í wé àká tí ẹ ń kó àgbàdo sí. Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nípa àká.

Èkíní ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú fóònù, èyí ni àkọsílẹ̀ tí áàpù ń tọ́jú fún yín. Ojú fóònù ń pè é ní data. Kì í ṣe dátà tí à ń rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù ni o. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Èyí ni àkáǹtì: nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú páṣíwọ́ọ̀dù tàbí nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ìyọ̀ǹda. Bí ẹ bá gba alágbàṣe, ẹ ó sọ ibi tó lè wọ̀ fún un àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Bákan náà ni áàpù ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ yín kí ó tó lo kámẹ́rà, kí ó tó wo orúkọ àwọn ènìyàn inú fóònù, tàbí kí ó tó mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ẹ kọ́kọ́ mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí alágbàṣe kò bá rí àyè wọlé, a kì í tìtorí rẹ̀ da àgbàdo nù. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a kì í dáná sun àká.

ÌYỌ̀ǸDA NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ̀ WÒ

A fi ìyọ̀ǹda ṣáájú nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ kò léwu. Bí ẹ bá fún áàpù ní ìyọ̀ǹda tàbí tí ẹ gbà á padà, kò sí lẹ́tà kan tó máa sọnù nínú àkọsílẹ̀ yín.

Fóònù tó ń lo Android ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Láti Android 6 tó jáde lọ́dún 2015, irú áàpù bẹ́ẹ̀ ní láti tọrọ àyè nígbà tó bá fẹ́ lo ohun kan. Àpótí kékeré kan á yọ lójú fóònù, yóò ní kí ẹ yàn: Allow, ìyẹn ni pé ẹ gbà, tàbí Don't allow, ìyẹn ni pé ẹ kọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn tẹ èyí tó bá sún mọ́ ìka wọn kí àpótí náà lè kúrò lójú.

Láti Android 11, tó jáde lọ́dún 2020, ohun méjì ni wọ́n fi kún un tó kan àgbẹ̀ gan-an. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá kọ̀ fún áàpù lẹ́ẹ̀mejì, kò tún ní béèrè mọ́. Ẹ ó máa tẹ kámẹ́rà títí, kò ní ṣí, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Èkejì, bí ẹ kò bá ṣí áàpù kan fún oṣù díẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ lè gba gbogbo ìyọ̀ǹda tí ẹ ti fún un padà. Ẹ wo bí iṣẹ́ oko ti rí. Áàpù tí a fi ń wọn oko tàbí tí a fi ń kọ ìwọ̀n kòkó sílẹ̀ lè wà láìníṣẹ́ láti àsìkò kan dé àsìkò kejì. Nígbà tí ẹ bá fi máa tún ṣí i, ìyọ̀ǹda ti lọ, ó wá dà bí ẹni pé áàpù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Ẹ fi ìka tẹ àmì áàpù náà mọ́lẹ̀ kí ó pẹ́ díẹ̀, ẹ yan App info, ẹ tẹ Permissions. Ẹ ó rí ohun tí ẹ ti gbà fún un àti ohun tí ẹ kò gbà. Ẹ tẹ èyí tí iṣẹ́ náà nílò, ẹ yan Allow. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ wá orúkọ áàpù náà kàn, ẹ ó rí irú nǹkan kan náà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyọ̀ǹda ibi tí ẹ wà, tí ojú fóònù ń pè ní Location. Láti Android 12, ọdún 2021, fóònù ń béèrè bóyá kí áàpù mọ ojú ibi tí ẹ wà gan-an, Precise, tàbí kí ó kàn mọ sàkáání rẹ̀, Approximate. Bí ẹ bá yan sàkáání, ibi tí fóònù yóò sọ lè jẹ́ ibikíbi nínú ilẹ̀ tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 300, ìyẹn bí éékà 740. Ẹ lè yí oko yín po nínú oòrùn fún wákàtí méjì, kí àwòrán rẹ̀ wá bọ́ sínú oko ẹlòmíràn tàbí sí òdìkejì odò.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹ̀yin tó ń ta kòkó. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan lọ́dún 2023, wọ́n sì ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú. Òfin náà ní kí ẹni tó ń kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn fi ojú ibi tí oko wà hàn, kí ó sì dájú pé a kò gé igbó láti fi ṣe oko náà lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 2020. Bí oko bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ń wọn oko, kí ẹni tó mú fóònù dání kọ́kọ́ wò ó pé Precise ni ó wà, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìyọ̀ǹda kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Láti Android 13, ọdún 2022, áàpù ní láti gba àyè kí ó tó lè máa ta yín lólobó nígbà tí iṣẹ́ tuntun bá wọlé. Bí ìròyìn owó báńkì tàbí ìkéde ẹgbẹ́ kò bá yọ lójú fóònù mọ́, ẹ wo Notifications nínú App info yẹn kan náà.

OHUN INÚ ÀKÁ

Bí ìyọ̀ǹda bá pé tí áàpù kò sì ṣiṣẹ́, ẹ wo bóyá àká ti kún. Fóònù tí àyè ìpamọ́ rẹ̀ ti kún kò lè kọ ohun tuntun sílẹ̀. Áàpù á máa ti ara rẹ̀ pa, àwòrán kò ní wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, fídíò àti àwòrán ìkíni tí a ń fi ránṣẹ́ káàkiri ló gba ibẹ̀. Ẹ yọ àwọn yẹn kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé ẹgbẹ́.

Nínú App info, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Storage sí. Bọ́tìnì méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra wọn, nítorí wọ́n jókòó ti ara wọn bí ọṣẹ àti iyọ̀.

Ọ̀kan ni Clear cache. Ohun tí èyí ń nù kúrò ni ohun tí áàpù kó sí tòsí kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yá, bí ìyàwó ilé tó bu agbọ̀n àgbàdo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí ó má baà máa gòkè àká nígbà gbogbo. Bí ẹ bá kó agbọ̀n yẹn kúrò, àgbàdo ṣì wà nínú àká. Ẹ lè tẹ èyí láìfòyà.

Èkejì ni Clear data. Àwọn fóònù mìíràn ń pè é ní Clear storage. Èyí ni kíkó gbogbo ohun inú àká dànù. Yíyọ áàpù kúrò pátápátá, tí wọ́n ń pè ní Uninstall, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá sí níbòmíràn, ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni èyí: níbo gan-an ni àkọsílẹ̀ yìí wà?

Ti báńkì wà ní báńkì. Bí ẹ yọ áàpù báńkì kúrò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kọ́bọ̀ kan kò ní kúrò nínú owó yín. Ẹ ó kàn tún forúkọ wọlé ni.

Ti àwọn áàpù ìwé àkọsílẹ̀ kan wà nínú fóònù nìkan. Ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ ni pé wọn kò béèrè nọ́ńbà tàbí ímeèlì lọ́wọ́ yín rí kí wọ́n tó ṣí. Áàpù tí kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́ kò lè dá ohun yín padà fún yín lórí fóònù mìíràn. Irú èyí ni ẹ kò gbọdọ̀ pa rẹ́ láìkọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ.

Ti WhatsApp wà láàárín. Nínú fóònù yín ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà. Ilé iṣẹ́ náà kò tọ́jú wọn sọ́dọ̀ lẹ́yìn tó bá ti fi jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí ó máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ sínú àkáǹtì Google yín. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Chats, ẹ tẹ Chat backup. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni, ohun oṣù mẹ́fà ni ẹ máa pàdánù. Àyè tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ gígábáìtì 15, àwòrán, ímeèlì àti ẹ̀dà WhatsApp ló sì ń pín in. Bí ó bá kún, ẹ̀dà tuntun kò ní wọlé mọ́.

Nígbà tí ẹ bá tún gbé WhatsApp wọlé, nọ́ńbà fóònù kan náà àti àkáǹtì Google kan náà ló máa rí ẹ̀dà náà. Yóò béèrè bóyá kí ó dá a padà. Ẹ tẹ Restore. Ẹ má tẹ Skip torí pé ẹ ń kánjú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti fi páṣíwọ́ọ̀dù ti ẹ̀dà ìpamọ́ náà, tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀, WhatsApp fúnra rẹ̀ kò lè bá yín ṣí i.

KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LỌ́WỌ́ TA?

Ibí ni wàhálà ti pọ̀ jù fún àwọn àgbàlagbà wa. Lọ́jọ́ tí a ra fóònù, ẹni tó tà á ló ṣí àkáǹtì Google síbẹ̀, tàbí ọmọ tó wá láti Èkó ló bá bàbá ṣe é. Ó fi ímeèlì tirẹ̀ sí i, tàbí kí ó dá ọ̀kan tí kò kọ páṣíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí fóònù fi bọ́ sómi. Nígbà náà ni a óò mọ̀ pé ilé wa ni, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹlòmíràn.

Ẹ wò ó lónìí. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Google. Àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lókè ni kọ́kọ́rọ́ yín. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ mọ páṣíwọ́ọ̀dù rẹ̀? Nọ́ńbà fóònù ta ni ó wà níbẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá gbàgbé? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣí àkáǹtì tiyín, ẹ fi nọ́ńbà yín àti ti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sí i, kí ẹ sì kó ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp lọ sínú rẹ̀. Google tún lè fún yín ní nọ́ńbà àṣírí 10 tí ẹ lè kọ sínú ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àkáǹtì tí ẹ kò bá sì lò fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́. Oṣù December ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù fóònù, kí ó ní kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì Google tirẹ̀ kúrò lójú yín. Bí kò bá yọ ọ́, tí ẹ wá lọ fláàṣì fóònù náà, yóò máa béèrè àkáǹtì ẹni àkọ́kọ́, ẹ kò sì ní lè lò ó.

Nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú ti di kọ́kọ́rọ́. Ìlànà àjọ NCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, fi àyè gba ilé iṣẹ́ fóònù láti ti nọ́ńbà tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà pa. Bí ó bá di ọdún kan tí a kò lò ó, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba kóòdù tó yẹ kí ó wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ má ṣe fi síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ní báńkì tàbí ní WhatsApp sínú àpótí kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ máa fi pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí fóònù bá sọnù, ẹ pe báńkì lọ́jọ́ náà kí wọ́n ti ọ̀nà owó pa. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù pẹ̀lú nọ́ńbà NIN yín, kí wọ́n bá yín gba nọ́ńbà náà padà sórí síìmù tuntun. Bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà náà ṣí WhatsApp lórí fóònù mìíràn, ti àkọ́kọ́ á jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà wọ àkáǹtì Google padà, ẹ ṣe é lórí fóònù tí ẹ ti lò rí, ní ilé tàbí ibi tí ẹ sábà ń wà, nítorí Google ń wo ìyẹn láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Fún WhatsApp, ẹ ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní Two-step verification nínú Settings, lábẹ́ Account. Nọ́ńbà àṣírí mẹ́fà ni ẹ ó yàn, kí olè tó rí kóòdù yín gbà má tún rí ọ̀nà wọlé. Ẹ fi ímeèlì sí i. Bí kò bá sí ímeèlì, tí ẹ sì gbàgbé nọ́ńbà náà, ọjọ́ 7 ni ẹ lè fi dúró kí ẹ tó lè yí i padà. Kóòdù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ti báńkì ni tàbí ti WhatsApp, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun ṣèèṣì fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín, kò ṣèèṣì o. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ló ń tọrọ.

ÁÀPÙ TÓ Ń TỌRỌ JU BÓ ṢE YẸ LỌ

Bí a ti ń kọ́ yín láti fún áàpù ní ìyọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá tọrọ ni kí ẹ fún un. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: kí ni iṣẹ́ áàpù yìí, kí ló sì ń fi ohun tó ń tọrọ ṣe? Áàpù ìwọ̀n oko nílò ibi tí ẹ wà. Kò nílò láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín.

Àwọn áàpù kan wà tó ń yáni lówó láìbéèrè onídùúró. Ohun tí wọ́n ń gbà dípò onídùúró ni ìyọ̀ǹda láti kó gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù. Bí ọjọ́ owó bá yẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àna, sí olórí ìjọ, sí alága ẹgbẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde lọ́dún 2022 pé kí irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá gba ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2023, Google ní áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ àti àwòrán inú fóònù oníbàárà mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí kò gba inú Play Store kọjá, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé e wọlé. Èyíkéyìí tó bá ní kí ẹ ṣí Accessibility fún òun, ẹ sá fún un àfi tí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀ dájú: ìyọ̀ǹda yẹn lè jẹ́ kí ó máa ka ohun tó wà lójú fóònù, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ̀yin ni.

Ẹ rántí pé nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nínú fóònù akọ̀wé. Bí akọ̀wé bá gba áàpù bẹ́ẹ̀ láàyè, gbogbo ẹgbẹ́ ló fi ṣe onídùúró láìbéèrè lọ́wọ́ wọn.

BÍ Ẹ Ó ṢE TẸ̀ LÉ E

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìwé ẹgbẹ́. Ohun tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó léwu ló kẹ́yìn.

1. Ẹ wò ó bóyá dátà wà àti pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ẹ wo ọjọ́ àti aago fóònù. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ọ̀pọ̀ áàpù kò ní lè kàn sí ibi iṣẹ́ wọn.
2. Ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn.
3. Ẹ yẹ ìyọ̀ǹda wò nínú App info.
4. Ẹ wo àyè ìpamọ́. Bí ó bá kún, ẹ yọ fídíò tí kò wúlò.
5. Ẹ wọ Play Store, ẹ wò ó bóyá áàpù náà ní àtúnṣe tuntun.
6. Ẹ tẹ Clear cache.
7. Ẹ DÚRÓ. Ẹ má kọjá ibí láìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni àkọsílẹ̀ wà? Ọjọ́ wo ni a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kẹ́yìn? Ṣé nọ́ńbà, ímeèlì àti páṣíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́? Bí ọ̀kan kò bá ní ìdáhùn, ẹ da ohun tó ṣe pàtàkì kọ sínú ìwé.
8. Nígbà náà nìkan ni ẹ lè tẹ Clear data tàbí kí ẹ yọ áàpù kúrò.
9. Kí a fláàṣì fóònù ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹ má gbé fóònù fún ẹni tó ń tún un ṣe kí ẹ lọ jókòó síbòmíràn. Ẹ sọ fún un pé ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ìpinnu yín sílẹ̀.

1. Ta ni ó ni àkáǹtì tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀: ẹgbẹ́ ni tàbí ẹnì kan? Bí akọ̀wé bá kúrò lórí oyè, báwo ni kọ́kọ́rọ́ yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ̀?
2. Ẹni mélòó ló jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp? Ó yẹ kí wọ́n tó méjì tàbí mẹ́ta, kí fóònù ẹnì kan má baà sọ gbogbo wa di aláìlólórí.
3. Ọjọ́ wo lóṣooṣù ni a ó máa da àkọsílẹ̀ owó láti inú fóònù sínú lẹ́jà, kí akọ̀wé àti akápò jọ fọwọ́ sí i?
4. Níbo ni a ó tọ́jú páṣíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ sí? Àpòòwé tí a lẹ̀ pa nínú àpótí ẹgbẹ́, tí ẹni méjì ní kọ́kọ́rọ́ sí, sàn ju inú fóònù kan náà lọ.

Ẹ̀yin ará wa, fóònù kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ lẹ́jà nù nítorí rẹ̀. Bí áàpù bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kí ọwọ́ má yá ju ojú lọ: ẹ wo ìyọ̀ǹda, ẹ wo ohun inú àká, ẹ wo kọ́kọ́rọ́.